Ẹgba Kì Í Kọ́ Ọmọ Ní Òtítọ́

Láti Àkànrán dé Lálúpọn, láti Ẹ̀rúnmú dé Ìjàyè, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, láfún ni wọ́n ń sá káàkiri. Orí àpáta ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, tàbí orí símẹ́ńtì iwájú ilé, nígbà mìíràn etí títì gan-an. Ọmọ ọdún 6 tàbí 7 ni wọ́n sì sábà máa ń fi sídìí rẹ̀ kí ó máa lé ewúrẹ́ àti adìyẹ. Ọmọ á jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀. Bó bá yá, ẹgbẹ́ rẹ̀ á pè é síbi bọ́ọ̀lù, á sì lọ. Kí ìyá tó ti oko dé, ewúrẹ́ ti jẹ nínú láfún, ó ti tẹ èyí tó kù mọ́lẹ̀, ó sì ti yàgbẹ́ sí i. Ìyá á ti mú igi dání kó tó la ẹnu: "Níbo lo wà tí ewúrẹ́ fi jẹ láfún mi?" Ọmọ á ní: "Ibí ni mo wà látàárọ̀, Màámi. Mi ò kúrò níbì kankan."

Ọmọ yìí kan náà, bí wọ́n bá bi í léèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, tàbí ní ilé kéú, á sọ ọ́ kedere pé irọ́ kò dára, pé Ọlọ́run kò fẹ́ òpùrọ́. Kò ní kólòlò. Èyí ló ń bí àwọn àgbà nínú. Wọ́n á ní ọmọ ìsinsìnyí mọ ohun tó tọ́, kò kàn fẹ́ ṣe é ni. Ẹgba ló kù. Ìdájọ́ yẹn ló yẹ ká tún yẹ̀ wò, nítorí ẹ̀rí wà nílẹ̀, tí èyí tó lágbára jù nínú rẹ̀ sì ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí wá, pé ẹgba gan-an wà lára ohun tó ń ya ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ kúrò lára ìṣe rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Amẹ́ríkà, ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, Hugh Hartshorne àti Mark May dán àwọn ọmọ ilé-ìwé tó tó nǹkan bí 11,000 wò. Wọ́n fi ìdáhùn ìdánwò sí ibi tí ọmọ ti lè jí i wò. Wọ́n fi owó sí ibi tí ọmọ ti lè mú un láìsí ẹni tó ń wò ó. Wọ́n tún bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rere àti búburú. Nígbà tí ìwé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1928, ohun tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé ohun tí ọmọ mọ̀ nípa òtítọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ohun tó máa ṣe bí àyè bá yọ. Ọmọ tó jí ìdáhùn wò níbi kan lè má ṣe bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ibi tó wà, ẹni tó wà níbẹ̀ àti ohun tó ń bẹ̀rù ní ipa tó pọ̀ lórí ohun tó ṣe.

Ìwádìí kan tó sún mọ́ àkókò wa ju ìyẹn lọ jáde ní 2013. Craig Smith, Peter Blake àti Paul Harris fún àwọn ọmọ ọdún 3 sí 8 ní ìwé àlẹ̀mọ́ 4 tó ń ta sánsán, wọ́n ní kí wọ́n pín in pẹ̀lú ọmọ mìíràn tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n béèrè pé báwo ló ṣe yẹ kí ènìyàn pín in. Àtọmọdé àtèyí tó dàgbà díẹ̀ ló ní kí olúkúlùkù mú 2. Nígbà tó kan pípín, àwọn tó ti tó ọdún 7 àti 8 pín in dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó kéré sí wọn mú èyí tó pọ̀ fún ara wọn. Ibi tó yẹ kí òbí fara balẹ̀ kà rè é: wọ́n bi àwọn ọmọ kan léèrè ṣáájú pé mélòó ni wọ́n rò pé àwọn fúnra wọn máa fún ẹnì kejì, àwọn kéékèèké náà sì sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Wọ́n mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn pín in dọ́gba, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ò ní ṣe é. Kò sí ẹni tó mú igi dání níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń le ojú mọ́ wọn, ohun tí wọ́n ní àwọn máa ṣe sì bá ìṣe wọn mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣe ọ̀hún kò dára tó.

Victoria Talwar àti Kang Lee ló gbé ìdánwò irú èyí dé àgbègbè wa. Ìlú kan náà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti mú ilé-ìwé aládàáni méjì, àwọn òbí tó ń kó ọmọ lọ síbẹ̀ sì jọ ara wọn nínú iṣẹ́ àti nínú ohun ìní. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilé-ìwé méjèèjì ni bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ wí. Ní ọ̀kan, ẹgba ni lójoojúmọ́: ọmọ tó gbàgbé pẹ́ńsù sílé jẹ ẹ́, ọmọ tó pariwo jẹ ẹ́, wọ́n ń gbá wọn lórí, wọ́n ń já wọn léèékánná, ní ìṣojú gbogbo kíláàsì. Ní èkejì, wọn kì í na ọmọ. Wọ́n á bá a wí lẹ́nu, wọ́n á mú un kúrò láàárín ẹgbẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sì le, wọ́n á mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé.

Ọmọ ọdún 3 àti 4 ni wọ́n dán wò, gbogbo wọn jẹ́ 84. Eré ni wọ́n fi ṣe é. Ọmọ á kọ ẹ̀yìn sí tábìlì, wọ́n á gbé ohun ìṣeré lé e, wọ́n á jẹ́ kó dún, ọmọ á fi ìró rẹ̀ mọ ohun tó jẹ́. Ìgbà méjì àkọ́kọ́, ó rọrùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìró tí wọ́n lù kò bá ohun ìṣeré náà tan rárá, ọmọ kò sì lè fi etí mọ̀ ọ́n láéláé. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń ṣe ìdánwò á ti sọ pé òun fẹ́ mú nǹkan wá láti ìta, kí ọmọ má bojú wẹ̀yìn o. Bó bá padà dé, á béèrè pé: "Ṣé o bojú wẹ̀yìn?" Lẹ́yìn náà ló máa ní kí ọmọ sọ ohun tó rò pé ó wà lórí tábìlì.

Nínú ilé-ìwé méjèèjì, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ló bojú wẹ̀yìn. Ẹgba kò dí ojú ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń nà lójoojúmọ́ kò gbọ́ràn ju àwọn tí wọn kì í nà lọ. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí wọ́n béèrè. Ní ilé-ìwé tí wọn kì í ti í na ọmọ, àwọn kan purọ́, ọ̀pọ̀ sì jẹ́wọ́. Ní ilé-ìwé ẹgba, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àwọn tó bojú wẹ̀yìn ló ní àwọn ò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n tún mọ bí a ṣe ń gbé irọ́ ró: nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé kí ló wà lórí tábìlì, dípò kí wọ́n dárúkọ ohun tí wọ́n ti fojú rí, bí ọmọ kékeré ṣe máa ń ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn dárúkọ ohun mìíràn kí àṣírí má bàa tú. Ọmọ ọdún 3 àti 4 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. 2011 ni ìwádìí náà jáde, kò sì yẹ kí tíṣà kankan ní Akínyẹlé tàbí ní Ọ̀nà-Àrà wà láìgbọ́ nípa rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó ní ilé-ìwé kan níbi jíjìn lèyí, kó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àwọn abúlé wa. Tíṣà jáde díẹ̀, ariwo sọ, ó padà dé pẹ̀lú pàṣán. "Ta ló ń sọ̀rọ̀?" Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn á dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn kan á nawọ́ sí ẹlòmíràn. Tíṣà náà mọ̀ pé irọ́ ni, ó ti gbọ́ ohùn wọn láti ìta. Ohun tí wọ́n kọ́ ní wákàtí yẹn, yàtọ̀ sí ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, ni pé ẹni tó bá dákẹ́ tàbí tó bá da ẹjọ́ rú ni ìyà kì í jẹ. Bó ṣe ń rí báyìí lójoojúmọ́, láti ìgbà tí ọmọ ti wọlé-ìwé títí tó fi máa jáde ìwé mẹ́fà, irọ́ pípa ti di iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwọn ọmọ wa tilẹ̀ ti sọ èyí fún wa kí onímọ̀ kankan tó kọ ọ́ sínú ìwé. Kò sí ìyá ní àgbègbè Ìbàdàn tí kò tíì gbọ́ gbólóhùn yìí rí: "Tí mo bá sọ, ṣé ẹ ò ní nà mí?" Ọmọ tó béèrè bẹ́ẹ̀ fẹ́ sọ òótọ́. Òótọ́ ti wà ní ètè rẹ̀. Ó kàn fẹ́ mọ iye tó máa ná an ni. Ìyá á ní: "Mi ò ní nà ọ́, sọ ọ́." Ọmọ á sọ ọ́. Bó ti ń sọ ọ́ tán ni igi ti bà á lẹ́yìn. Ẹni tó bá ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ àti ìṣe rẹ̀ ti pínyà, ibẹ̀ yẹn ni kó wò dáadáa. Ọmọ mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Àgbà ló yẹ̀ ẹ́.

Irú yíyẹ̀ báyìí pọ̀ lọ́wọ́ àgbà. Alájọ ń bọ̀ lọ́nà, bàbá á sáré wọ yàrá, á ní kí ọmọ lọ sọ pé òun ti lọ sóko láti ìdájí. Ìyá fẹ́ lọ sọ́jà Mọ́níyà, ọmọ ń sunkún tẹ̀lé e, á ní kó lọ mú bàtà wá kí àwọn jọ lọ. Kí ọmọ tó fi mú bàtà dé, ọkọ̀ ti gbé ìyá lọ. A máa ń pe èyí ní ọgbọ́n. Ní 2014, Chelsea Hays àti Leslie Carver, ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní San Diego, dán irú rẹ̀ wò pẹ̀lú ọmọ 186, láti ọdún 3 sí 7. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé àwo súìtì ńlá wà nínú yàrá kejì. Nígbà tí ọmọ dé ibẹ̀, wọ́n ní kò sí súìtì kankan, wọ́n fi tàn án wá ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣe ìdánwò má-bojú-wẹ̀yìn fún gbogbo wọn. Nínú àwọn tó ti tó ọjọ́ orí ilé-ìwé, nǹkan bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọn kò tàn ló yọjú wo ohun ìṣeré. Nínú àwọn tí wọ́n tàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rin. Nígbà tí wọ́n béèrè, nǹkan bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó yọjú ló purọ́ láàárín àwọn tí wọn kò tàn, láàárín àwọn tí wọ́n tàn ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́rùn-ún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tan àwọn ọmọ yìí, ẹni tí wọn kò mọ̀ rí ló sì tàn wọ́n. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi bàtà tàn lọ́jọ́ ọjà gbogbo ń kọ́ ẹ̀kọ́ tó ju ìyẹn lọ.

Àwọn kan á ní wọ́n na àwọn náà, àwọn sì di ènìyàn gidi. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn rere ló ti abẹ́ ẹgba jáde. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ rántí ní òdodo, nínú gbogbo ohun tó ṣe lọ́mọdé, èwo ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún bàbá rẹ̀? Àwọn baba ńlá wa kò fi ẹgba nìkan tọ́ ọmọ. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi òsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì yẹn ti ń ṣọ̀wọ́n nínú ilé wa àti nínú kíláàsì wa. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2014 pẹ̀lú àjọ UNICEF lórí ìwà ipá sí ọmọdé fi hàn pé nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ Nàìjíríà ló ń jẹ ìyà lára kí wọ́n tó pé ọdún 18.

Òfin tilẹ̀ ti sọ tirẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 kọ ìyà ìkà àti ìyà tó ń tẹ́ ọmọ lógo, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe tirẹ̀ ní 2006. Síbẹ̀ abala 295 nínú òfin ìwà ọ̀daràn, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa, ṣì gba òbí àti tíṣà láyè láti na ọmọ níwọ̀n tó bá tọ́. Ta ló ń wọn ìwọ̀n yẹn ní ilé-ìwé abúlé?

Ọ̀rọ̀ àlọ́ ìjàpá tún wà níbẹ̀. Àwa Yorùbá fẹ́ràn láti fi àlọ́ kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ àlọ́ wa, ìjàpá á purọ́, á jalè, àṣírí á tú, wọ́n á lù ú tàbí kí wọ́n lé e nílùú. Ní 2014, Kang Lee, Talwar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ka ìtàn fún ọmọ 268, ọdún 3 sí 7, kí wọ́n tó dán wọn wò. Àwọn kan gbọ́ ìtàn ọmọ igi tí imú rẹ̀ ń gùn nígbàkúgbà tó bá purọ́, àwọn kan gbọ́ ti ọmọ darandaran tó ń pariwo ìkookò títí ìkookò fi dé lóòótọ́, àwọn mìíràn gbọ́ ti George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ní kékeré, tó gé igi bàbá rẹ̀, tó jẹ́wọ́, tí bàbá rẹ̀ sì yìn ín nítorí pé ó sọ òótọ́. Ìtàn méjì àkọ́kọ́, tó fi ìyà òpùrọ́ han ọmọ, kò dín irọ́ kù. Ti Washington ló mú kí àwọn ọmọ tó jẹ́wọ́ pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n yí ìparí rẹ̀ padà tí ìyìn kò sí níbẹ̀ mọ́, agbára rẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ká pa àlọ́ ìjàpá tì. Àmọ́ ọmọ tún nílò àlọ́ tí ẹnì kan ti jẹ́wọ́ tí ó sì yè, tí ọba gbà á mọ́ra, tí ilé dùn lẹ́yìn òótọ́ rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà tó ṣì ń pa àlọ́ ní Ẹgbẹ́dá àti ní Lágelú lè ṣe èyí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà tí ìṣe ọmọ bá yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ irọ́. Láti 2008 ni ayé ti ń ṣe ọjọ́ ìfọwọ́ ní October 15 lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ló sì lè ka bí a ṣe ń fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, láti orí àtẹ́lẹwọ́ dé abẹ́ èékánná. Bí ilé-ìwé kò bá ní kànga, tí odò sì jìnnà, kí ni ọmọ máa fi ṣe ohun tó mọ̀? Ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ ká bi léèrè níbẹ̀.

Ní ti ilé, ohun tí òbí lè ṣe kò ná an lówó. Talwar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún dán ọmọ 372 wò ní Kánádà, ọdún 4 sí 8. 2015 ni ó jáde. Àwọn tí wọ́n fi ìyà halẹ̀ mọ́ kò fẹ́ jẹ́wọ́. Àwọn tí wọ́n sọ fún láìsí ìhalẹ̀ pé inú ẹni tó ń béèrè máa dùn bí wọ́n bá sọ òótọ́ jẹ́wọ́ jù wọ́n lọ. Ìyá tó ti rí ìgbẹ́ ewúrẹ́ lórí láfún kò nílò láti béèrè ibi tí ọmọ wà. Ó ti mọ̀. Ìbéèrè tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀, tí a sì mú igi dání béèrè, irọ́ ló ń bẹ̀ jáde. Ó sàn kó ní: "Mo rí i pé ewúrẹ́ ti jẹ láfún. Wá sọ bó ṣe jẹ́ fún mi, mi ò ní nà ọ́," kó má sì nà án lóòótọ́. Láfún tó bàjẹ́ yẹn owó ni, ó lè jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ náà gan-an, ìbínú ìyá sì tọ́. Ọmọ á bá a ṣa èyí tó ṣeé jẹ, á bá a bẹ ẹ̀gẹ́ mìíràn lọ́jọ́ kejì nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré. Iṣẹ́ tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lá fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe, ojú rẹ̀ á sì rí ohun tí àìfiyèsí ń dá sílẹ̀.

Ti ilé-ìwé ló ṣòro díẹ̀, nítorí pé tíṣà kan lè ní ọmọ púpọ̀ nínú yàrá kan, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ ní ọ̀nà mìíràn ju ẹgba lọ. Àjọ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ní iṣẹ́ láti fi èyí sínú ìdálẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ṣe fún olùkọ́, kí ọ̀rọ̀ má parí sí kí a kàn ní kí wọ́n má na ọmọ. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọjà náà tún wà, tó jẹ́ ibi tí ilé àti ilé-ìwé ti ń jọ kọ́ ọmọ ní irọ́. Lọ́jọ́ ọjà, àga ṣófo nínú kíláàsì, ọmọ wà níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, òbí á ní kó sọ fún tíṣà pé ara òun ò yá. Tíṣà mọ̀ pé irọ́ ni, á nà án fún àìwá, a kì í sì í bá òbí sọ ọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé lè gbé e kalẹ̀ nínú ìpàdé òbí àti olùkọ́ pé àwọn mọ ọjọ́ ọjà, kí òbí tó bá nílò ọmọ rẹ̀ wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n jọ dá wákàtí tí ọmọ máa dé kíláàsì, kí tíṣà sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sínú ìwé orúkọ dípò "àìsàn". Ìpàdé sáà tó ń bọ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.